Iyán Inú Ewé, Ọbẹ̀ Inú Èèpo Ẹ̀pà

“Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.” Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí nínú wa? À ń pa á, à ń rẹ́rìn-ín, nítorí ta ni yóò gún iyán nínú ewé? Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa á yìí, ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ó tó sọ ọ́? Obìnrin ni. Inú ló ń bí i, ebi sì ń pa á mọ́ ọn.

Àyọ̀ká ni orúkọ rẹ̀. Abúlé kan ní ilẹ̀ Èkìtì ni ó ń gbé pẹ̀lú Àjàlá ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì, Àrinpé àti Dàda àbúrò rẹ̀. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó jókòó, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Ìgbà tó yẹ kí àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ kọjá, ojú ọ̀run mọ́ bí ẹni pé kò gbọ́ orúkọ òjò rí. Iṣu jíjẹ inú àká ti ń tán lọ. Ohun tó kù tó ṣe gúnmọ́ níbẹ̀ ni èbù, ìyẹn iṣu tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn. Gbogbo ẹni tó mọ oko ló sì mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ èbù rẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ. Àyọ̀ká ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé ohun tó bá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kan èbù náà.

Obìnrin yìí mọ oúnjẹ ṣọ́. Èèpo iṣu tí àwọn ẹlòmíràn ń dà fún ewúrẹ́, sísá ni ó ń sá a, tí yóò gún un di èlùbọ́. Bí ó bá mú iṣu kan, á se kókò mọ́ ọn, á gún wọn pọ̀, iyán á sì pọ̀ lódó. Orúnlá ni ó fi ń se ọbẹ̀, irú ni ó sì fi ń tan ahọ́n jẹ pé ẹran wà níbẹ̀. Nígbà tí odò ń fà, ó kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wá alákàn lábẹ́ òkúta. Wọn kò yó bámúbámú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò febi sùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rọ́jú títí Bàbá Oko fi dé.

Bàbá Oko ni ẹ̀gbọ́n Àjàlá, ọmọ ìyá kan náà. Ó ní orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe àgbà ilé ọkọ lórúkọ, Bàbá Oko ni Àyọ̀ká ń pè é, nítorí pé oko ọ̀nà jíjìn ni ó ń gbé. Ó ní òun kàn wá kí àbúrò òun ni, òun kò ní pẹ́. Ọjà kan kọjá, òmíràn kọjá, Bàbá Oko kò gbé ẹsẹ̀. Ohun tó sì ń dun Àyọ̀ká wọra ni pé iṣu ń bẹ nínú àká ọkùnrin yìí nílé tirẹ̀. Ó tọ́jú tirẹ̀ pa mọ́, ó wá ń jẹ tiwọn. Ẹ bá mi wo irú èyí o.

Ká ní jíjẹ nìkan ni, ì bá sàn. Àyọ̀ká á bu oúnjẹ Bàbá Oko ju ti ọkọ lọ, á pín èyí tó kù fún àwọn ọmọ, òun fúnra rẹ̀ á ha ìdí odó jẹ. Síbẹ̀, bí Bàbá Oko bá ti jẹun tán, tí ó fọwọ́, á wo àwo, á mí kanlẹ̀, á ní òun kò yó.

“Ìyàwó,” ó wí lọ́jọ́ kan, “oúnjẹ rẹ dùn, ṣùgbọ́n odó yìí ló kéré. Iyán inú odó kékeré kì í jókòó nínú ikùn àgbà.”

Odó kẹ̀? Àyọ̀ká wò ó títí. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ ni, ojú á rí, ẹnu á dákẹ́. Ó yá odó ńlá lọ́wọ́ aládùúgbò, ó gún ìwọ̀n iṣu kan náà nínú rẹ̀. Bàbá Oko jẹ ẹ́ tán, ó ní bóyá ìkòkò ọbẹ̀ ni, pé ọbẹ̀ ìkòkò kékeré kì í lágbára. Àyọ̀ká tún lọ yá ìkòkò. Omi ló fi kún un, kí ni ìkòkò fẹ́ ṣe sí i? Bàbá Oko jẹun tán, ó mí kanlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sú obìnrin yìí. Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìnkùlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, Ìyá Àrinpé,” Àjàlá dáhùn. “Ṣé kí n wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má jẹun nílé mi ni?”

“Mi ò ní kí wọ́n má jẹun,” Àyọ̀ká wí. “Kí wọ́n yó ni mo ní.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àyọ̀ká jókòó lójúde, ó ń pa ẹ̀pà tí wọn yóò gbìn, èèpo rẹ̀ sì wà ní òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Oko ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ó pe àbúrò rẹ̀.

“Àjàlá, ebi kò yẹ ilé tí iṣu wà. Òjò wo lẹ ń kó èbù dè? Mú díẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ká jẹun bí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan.”

Àjàlá wo ilẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ ná. Ó dìde, ó forí lé ibi àká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tí wọ́n fi so èbù mọ́ igi. Àyọ̀ká ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí díẹ̀ bá lọ lónìí, ta ni yóò ní kí òmíràn má lọ lọ́la? Bí òjò bá wá dé, kí ni wọn yóò gbìn? Níbi tó ti ń wá ohun tí yóò sọ ni ó ti gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn odó tó yá.

Eré ìdáná ni wọ́n ń ṣe. Àrinpé tẹ́ ewé kan sílẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ tútù lé e, ó ń fi igi kékeré gún un. Ó bu omi díẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà, ó já koríko wẹ́wẹ́ sí i, ó gbé e ka òkúta, ó ní ọbẹ̀ ti jinná. Ó bu fún Dàda. Dàda mú un súnmọ́ ẹnu, ó fi ètè ṣe bí ẹni ń jẹ ẹ́, ó dà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ pa ikùn.

“Mo ti yó, Ìyá,” ó wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ ṣeun. Ẹ bu tiyín náà jẹ.”

Ikùn tó ń fọwọ́ pa yìí, pẹlẹbẹ ló rí. Ọmọ náà kò tíì jẹun ọ̀sán. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dúró de èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn àlejò, kò sì sí ohun tó ṣẹ́kù.

Àyọ̀ká dìde, ẹ̀pà dà sílẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, kò bojú wò ó. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Oko, nítorí ìbínú kò mú un gbàgbé ilé tó wà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn odó yẹn. Ẹ ní odó ni, mo yá odó. Ẹ ní ìkòkò ni, mo yá ìkòkò. Wọ́n gún iyán nínú ewé, wọ́n se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ọmọ mi ní òun yó, ó sì dúpẹ́. Bàbá, ẹni tí yóò yó á yó. Ẹni tí kò ní yó, bí a se gbogbo èbù yìí, tí a se igi àká mọ́ ọn, kò ní yó.” Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Àrinpé, bí ẹ bá mú un kalẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún Dàda ohun tí yóò jẹ lọ́dún tó ń bọ̀.”

Àjàlá wo ọmọ rẹ̀, ó wo okùn ọwọ́ rẹ̀. Ó so okùn náà padà, ó ta á ní kókó, ó fà á le.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ó wí. “Èbù ni. Mi ò lè mú un kalẹ̀.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Bàbá Oko fi wá àpò rẹ̀, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọ̀bọ ń yọ oko òun lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí ọ̀bọ rí jẹ nínú oko tó gbẹ. Wọ́n ní títí ó fi délé ni ó ń sọ fún ẹni tó bá pàdé pé oúnjẹ ilé àbúrò òun kì í yó ènìyàn. Àwọn tó gbọ́ wá bi Àyọ̀ká bóyá òótọ́ ni, gbólóhùn iyán inú ewé tó sọ fún Bàbá Oko ni ó sì fi ń dá gbogbo wọn lóhùn, títí ó fi di ohun tí tọmọdé tàgbà ń sọ lẹ́nu. Nígbà tí òjò dé, èbù wà nílẹ̀ láti gbìn.

Nítorí náà, bí a bá ti fún ènìyàn ní gbogbo ohun tí agbára wa ká, tí kò yé ráhùn, ni àwọn àgbà máa ń pa á fún un pé bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Wọ́n tún ń pa á nínú ilé tí kò sí ọ̀pọ̀, kí olúkúlùkù lè fara mọ́ ìwọ̀nba tó wà. Ṣùgbọ́n ìwọ tí iṣu kún àká rẹ, má pa á fún ọmọ tí ebi ń pa. Dàda kò yó lọ́jọ́ náà. Eré ló ń ṣe.