Òkété Tó Ní Ọjà Òun Kì Í Padà

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn kó ta létí mi! Àbí ebi ń pa yín ni? Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà tán. Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ò!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi rọra yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé, kò yà sílé Ìjàpá lónìí, ẹnu ihò Òkété ló lọ já sí.

Òkété yìí, ọjà àlòkù ló ń tà, fóònù ló sì fi ń tà á, bí ẹ̀yin ọmọ ayé ìsinsìnyí ṣe ń ṣe. Bó bá ti rí àga tó yẹ̀ lẹ́sẹ̀, tàbí àtùpà tó ti fọ́, á nù ún, á fi òróró pa á kó máa dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, á wá ya fọ́tò rẹ̀. Ibi tó bá fọ́, á kọjú rẹ̀ sí ògiri kẹ́nikẹ́ni má baà rí i. Á gbé fọ́tò sójú òpó, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ó ṣì dà bíi tuntun. Ẹni tó bá yára ló ni ín." Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹnìkan ti rà á.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ra àga tó yẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọjọ́ tó bá jókòó ni ìdí rẹ̀ máa sọ fún un. Onítọ̀hún á pe Òkété: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dá ọjà yín padà." Òkété kì í jẹ́ kó dé ìdí ọ̀rọ̀. Á ní, "Ọjà tó bá ti jáde nínú ihò mi, ó jáde pátápátá. Ẹ kú ìnáwó!" Gbà! Á ti dí ojú òpó mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tó yá, bó bá ti gbọ́ "dá padà" báyìí, etí rẹ̀ ti di nìyẹn.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bá a sọ ọ́ títí. "Baálé mi, ẹ máa gbọ́ tẹnu ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ yín." Òkété ní kí ló mọ̀ nínú òwò.

Nígbà tó di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, Àwẹ̀ró fẹ́ lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ilé Òkété. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ sókè àjà nílé yẹn, Òkété á rí i. Bí ẹ bá gbé e sábẹ́ ibùsùn, á rí i. Lọ́dún tó kọjá, irúgbìn àgbàdo tí wọn ì bá gbìn, sísun ló sun ún jẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló fi ebi pa lọ́dún náà, Àwẹ̀ró kò sì gbàgbé. Nítorí náà, kó tó gbéra, ó di irúgbìn ọdún yìí sínú àpò kan, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí onígi àtijọ́ kan tó wà ní kọ̀rọ̀, ó fi pákó pẹlẹbẹ bò ó, ó kan ìṣó mọ́ ọn: kó, kó, kó. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa sọ fún un?

— Rárá o!

Ọmọ mi ni yín. Àwẹ̀ró kó àwọn ọmọ, ó lọ.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ojú Òkété fi tó àpótí. Ó ní, "Kí lèyí ń jókòó ṣe níbí?" Ó nù ún, ó fi òróró pa á, ó ya fọ́tò rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Ìgbín ti rà á. Ọ̀bọ tó máa ń fi ọ̀kadà kó ẹrù fún wọn gbé e, fùùù, ó di ilé Ìgbín.

Inú Ìgbín dùn. Ó ní òun á máa kó aṣọ sínú rẹ̀. Ẹ má bi mí pé aṣọ wo ni Ìgbín ń wọ̀, ẹ jẹ́ kí n pàlọ́ mi! Ibi tó ti ń nu inú àpótí ni pákó ìsàlẹ̀ ti yẹ̀, ló bá rí àpò. Ó tú u. Àgbàdo irúgbìn ni, ó gbó dáadáa, kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀.

Ìgbín ní, "Háà! Àpótí ni mo rà, n kò ra àgbàdo. Irúgbìn onílé nìyí, òjò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. N ó dá a padà ni."

Ó kọ̀wé sí Òkété lórí fóònù. Ẹ mọ Ìgbín, kì í kánjú. Ó kọ́kọ́ kí i kú ọjà, ó bèèrè ara ilé, ó bèèrè àwọn ọmọ, ó wá ní nǹkan kan wà tí òun fẹ́ dá padà. Ibẹ̀ ni Òkété kà á dé. Gbà! Ó ti dí ojú òpó mọ́ ọn.

Ìgbín ní kò burú. Ó gbé àpò rù, ó ń fà lọ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ méjì ló fi rìn kó tó dé ẹnu ihò Òkété. Èrò pọ̀ ní ìta, Ìgbín kò sì fẹ́ pariwo ọ̀rọ̀ irúgbìn ẹni ẹlẹ́ni kí olè má baà gbọ́. Orin ló fi kan ilẹ̀kùn. Ẹ gbè é fún mi:

Òkété o, ṣílẹ̀kùn
— Jẹ́jẹ́, Ìgbín dé
Mo rajà lọ́wọ́ rẹ
— Jẹ́jẹ́, Ìgbín dé
Ohun tí n kò rà bá a wá
— Jẹ́jẹ́, Ìgbín dé
Wá gbà á, kì í ṣe tèmi
— Jẹ́jẹ́, Ìgbín dé

Òkété kò jẹ́ kó kọjá ìlà kejì. Láti inú ihò ló ti bú sí tirẹ̀, ó fi ohùn bo ti Ìgbín mọ́lẹ̀:

Ọjà tí mo tà
— Kì í padà
Owó tí mo gbà
— Kì í padà
Ìgbín, máa lọ ilé rẹ
— Kì í padà!

Ìgbín lọ. Nígbà tó sinmi tán, ó bẹ Ọ̀bọ kó fi ọ̀kadà gbé òun padà síbẹ̀. Ọ̀bọ ké sí Òkété pé, "Jáde wá gbọ́ tẹnu ẹni yìí!" Òkété ní, "Ìwọ ti gbé ẹrù, iṣẹ́ tìrẹ ti parí." Ìgbín tún kọrin. Ẹ gbè é!

— Jẹ́jẹ́, Ìgbín dé! Jẹ́jẹ́, Ìgbín dé!

Kì í padà ni Òkété fi dá a lóhùn. Nígbà kẹta, ojú ọ̀run ti ṣú. Ìgbín kọrin títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Òkété ti fi òwú di etí méjèèjì, ó ń sùn.

Lọ́jọ́ kejì, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, wàààà. Omi wọ àpò, àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ìgbín sáré pe Ọ̀bọ, bí Ìgbín bá ń sáré. Ọ̀bọ wò ó, ó ní, "Bí èyí bá sùn síta mọ́jú ọ̀la, ó di jíjù nù. Gbìn ín. Èmi ni ẹlẹ́rìí rẹ." Ìgbín gbìn ín sí ebè ọ̀tọ̀ lóko rẹ̀, kò dà á pọ̀ mọ́ tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin tí Ìgbín gbìn ín, Àwẹ̀ró dé. Ó wo kọ̀rọ̀. "Baálé mi, àpótí dà?"

Òkété rẹ́rìn-ín. "Mo ti tà á!"

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Irúgbìn wa ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí làwọn ọmọ máa jẹ?"

Òkété fò dìde. Ó di ilé Ìgbín, Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e. Òkété ní, "Mo wá gba nǹkan mi padà!"

Ìgbín kò bú u. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé e wá. Ó ti wọlẹ̀ báyìí. Ebè yín nìwọ̀nyí. Bó bá gbó, gbogbo rẹ̀ ti ẹ̀yin àtàwọn ọmọ ni, n kò ní bù níbẹ̀. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Òkété kò dúpẹ́. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Ta ló ń dá nǹkan padà fúnni láyé yìí? Bó bá jẹ́ èmi, ṣé n ó dá a padà?" Ohun tó mọ̀ pé òun lè ṣe ló rò pé Ìgbín máa ṣe. Bí ẹ̀yìn wọn ti yí padà báyìí, ó bọ́ sáàárín ebè, ó ń wú u kó lè kó irúgbìn rẹ̀ lọ: wàlà, wàlà, wàlà. Ó wú ti àkọ́kọ́, ewé àti gbòǹgbò ló bá níbẹ̀. Ó wú ìkejì, bákan náà. Kò dúró títí ó fi wú gbogbo rẹ̀ tán.

Nígbà tí wọ́n padà dé, èhù àgbàdo ti sùn lọ bẹẹrẹbẹ lójú oòrùn. Àwẹ̀ró ké, ó fọwọ́ lérí. Òkété ní, "Ìgbín, jọ̀ọ́, bá mi ṣe é."

Ìgbín wò ó pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Èyí tí mo bá nínú àpótí ni mo lè dá padà fún yín. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín wú, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà."

Àwẹ̀ró kó àwọn ọmọ padà sílé ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹun lọ́dún náà. Òkété nìkan ló kù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wú àgbàdo kiri oko olóko. Ẹ bi bàbá yín bó bá tòko dé. Irúgbìn tí wọ́n gbé wá bá a lẹ́nu ọ̀nà tí kò gbà, ni ó ń wá títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù tajà, ẹ gbọ́ o. Bí ẹni tó rajà lọ́wọ́ yín bá ní òun fẹ́ dá nǹkan padà, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ wo ohun tó gbé lọ́wọ́ kí ẹ tó fèsì. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ tiyín, ẹ gbà á. Ẹni tó bá dití sí oníbàárà, ire rẹ̀ lè wà lẹ́nu ọ̀nà kó má mọ̀.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín mi mẹ́ta tó ṣẹ́kù yìí má bá mi dé ọ̀la.