Ewúrẹ́ Kan, Agbọ̀n Ẹja Kan

Nígbà tí àdéhùn bá pé, tí wọ́n sì fẹ́ fi ọdún kún un, ta ni ọdún náà ń ṣe láǹfààní? Ṣé ẹni tí ń jà ni, tàbí àwọn tí ó ń jà fún? Títí Àwẹ̀ró ìyàwó Oyètòrò fi di arúgbó ni ó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, kò sì rí ìdáhùn kan tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìlú méjì ló wà létí odò wọn: Òkè-Ìyẹyè wà lórí òkè, Ìsàlẹ̀-Omi wà nísàlẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí odò gbẹ, ibú kan ṣoṣo ní ń ṣẹ́kù, gbogbo ẹja á sì rọ́ sínú rẹ̀. Kí ìlú méjèèjì má baà máa fi àdá bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí ẹja, àwọn baba wọn fi ìjàkadì ṣe onídàájọ́. Lẹ́yìn iṣu tuntun, ọkùnrin márùn-ún á wá láti òkè, márùn-ún á wá láti ìsàlẹ̀, wọn a pàdé lórí yanrìn. Ìlú tí ó bá kọ́kọ́ dá ènìyàn mẹ́ta mọ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ da àwọ̀n sí ibú lọ́dún náà. Èyí tí ó bá gbẹ̀yìn, ẹrẹ̀ ni tirẹ̀.

Oyètòrò ni ojú Òkè-Ìyẹyè. Ojú ni wọ́n ń pe ẹni tí ń ṣáájú àwọn márùn-ún náà. Kì í ṣe pé òun ló lágbára jù nínú wọn. Òun ni yóò wo ẹsẹ̀ àwọn tọ̀hún bí wọ́n ti ń rìn bọ̀, tí yóò sì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó jáde sí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá jà kẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta ló fi jẹ́ ojú, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni Òkè-Ìyẹyè fi jẹ ẹja yíyan títí ó fi sú wọn.

Àdéhùn tó wà láàárín òun àti ẹgbẹ́ oníjàkadì kò ní wàhálà nínú. Ọkùnrin tí ń fi òwúrọ̀ kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìjà kò lè fi òwúrọ̀ kan náà kọ ebè. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjìlá á gbé ọkọ́ wá sí oko rẹ̀. Iṣu tí wọ́n bá fi ọwọ́ wọn kọ ebè fún ni Àwẹ̀ró ń gún, òun ni ó ń sè, òun náà ni ó ń tà díẹ̀ nínú rẹ̀ ra iyọ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n pa obì àdéhùn sí, ọdún mẹ́ta náà sì ti ń pé lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìlú kò mọ̀. Nínú ìjà ọdún kẹta, Oyètòrò borí, àmọ́ èjìká ọ̀tún ni ó fi balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, apá yẹn kò kọjá etí rẹ̀ mọ́. Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń gbé omi kaná, tí ó ń yọ́ òrí, tí ó ń tẹ èjìká náà, ọkọ rẹ̀ á sì ti aṣọ bọ ẹnu kí àwọn ará ilé má baà gbọ́ igbe. Àlàó, àkọ́bí wọn, ń hu eyín nígbà náà. Bí ti baba bá parí, ti ọmọ á bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró a máa rìn lọ rìn bọ̀ láti ibi ìdáná dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n so okùn mọ́ lẹ́sẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Oyètòrò ní, “Mo fẹ́ béèrè ọdún méje lọ́wọ́ ẹgbẹ́.”

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lórí èjìká rẹ̀. “Méje?”

“Mo sì fẹ́ kí wọ́n pa obì sí i pé, bí mo bá dá lápá tàbí lẹ́sẹ̀ lórí yanrìn, wọn yóò ṣì máa kọ ebè mi títí ọdún méje yóò fi pé.”

“Bí wọn ò bá gbà ńkọ́?”

“Wọn á gbà. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ni Gíwá?”

Lóòótọ́, Bámgbàlà tí í ṣe Gíwá, olórí ẹgbẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba àti ọmọ àbúrò baba ni wọ́n, ògiri kan ló pín yàrá wọn.

“Baba Àlàó, ẹ fẹ́ lo ọdún méje lórí yanrìn yẹn? Pẹ̀lú apá yìí?”

“Iṣu ọdún méje ni kí ìwọ máa wò.”

“Ẹ̀yin ẹ máa wo iṣu. Apá ni èmi ń wò.”

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ọdún méje, ọdún méje ni yóò fi jà, ta ló mọ èyí tí yóò ṣẹ́ ẹ pátápátá nínú méje náà? Bí wọn kò bá sì fún un, ta ni yóò kọ ebè? Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn, orí rẹ̀ wúwo. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbé ata lọ sídìí ọlọ, ó sì bá Àṣàbí ìyàwó àgbà Gíwá níbẹ̀.

“Ìyàwó wa, ojú rẹ wú. Ta ló nà ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó nà mí, ìyálé mi. Eyín ni Àlàó ń hù.”

“Eyín Àlàó ló wá ń mú ìyá rẹ̀ sunkún sí ata? Ata tó o lọ̀ yìí kò tún nílò iyọ̀ mọ́.”

Àwẹ̀ró fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó sọ ọ́. Ó ní, “Ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ ọkọ wa àgbà. Kí wọ́n jẹ́ kí ó máa wo ẹsẹ̀ fún wọn nìkan, kí ó má jà mọ́. Apá rẹ̀ kò lọ sókè.”

Ọmọ ọlọ dúró lọ́wọ́ Àṣàbí. “Kò lọ sókè rárá?”

“Èmi ni mo ń bá a bọ́jú.”

“Ó tó, nu ojú rẹ. Ẹnu mi kò ní gbé e síta.”

Àṣàbí kò sì gbé e síta. Inú ilé ló gbé e lọ, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, ẹgbẹ́ jókòó sábẹ́ igi ìyẹyè, àwọn obìnrin dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Oyètòrò sọ ohun tí ó fẹ́. Gíwá kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀.

“Ọdún kan,” ni ó wí. “Bí o bá sì ṣèṣe, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún kan kẹ̀?”

“Àbí méje? Ṣé ọ̀pẹ ni ọ́, tí a ó máa dá ẹmu rẹ lọ́dọọdún?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Gíwá na ìka sí i. “Gbé apá ọ̀tún rẹ sókè kí gbogbo wa rí i.”

Oyètòrò wo apá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ìhà ibi tí àwọn obìnrin wà. Àwẹ̀ró tẹrí ba, ó ń tún ọ̀já ọmọ tí kò tú ṣe. Oyètòrò kò gbé apá náà.

Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ gbà mí o! Apá ẹyọ kan ló fẹ́ fi gba ọdún méje!”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Oyètòrò wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè, “ojú lẹ fi mí jẹ. Ẹ kò fi mí jẹ apá.”

“Ojú tí kò lápá, ta ni yóò dá mọ́lẹ̀?”

Bí wọ́n ṣe túká nìyẹn. Nígbà tí wọ́n délé, Oyètòrò kò bi ìyàwó rẹ̀ ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dun Àwẹ̀ró jù.

Láyé ìgbà náà, oníjàkadì kò lè lọ sí ìlú mìíràn àfi bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ti gbà á, wọ́n ti tà á nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìpàdé ni bàbá kan tí ń jẹ́ Lápàdé gun òkè wá láti Ìsàlẹ̀-Omi pẹ̀lú ewúrẹ́ kan àti agbọ̀n ẹja gbígbẹ kan. Kò rò pé ìyẹn lè tó. Ó kàn fi ṣí ẹnu ọ̀nà ni, màlúù mẹ́ta wà nílé tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba Gíwá pé kí àlejò má lọ gbọ́ nípa apá náà, kò sì dúró kí ó sọ̀rọ̀ tán.

“Ẹ máa mú un lọ,” ni ó wí. “Ẹ má dá a padà fún wa o!”

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n pa ewúrẹ́ jẹ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń lá ọwọ́, wọ́n ń fi àwọn ará Ìsàlẹ̀-Omi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ra ìdodo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò ṣeé jẹ. Àwẹ̀ró ń di ẹrù lọ́wọ́ nígbà tí Àṣàbí fi àwo ẹran ránṣẹ́ sí i. Ó wò ó títí. Kò tíì jẹun láti àárọ̀, ọmọ sì ń fa ọmú. Ó jẹ ẹ́.

Ní Ìsàlẹ̀-Omi, Oyètòrò fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. “Baba, apá mi yìí...”

Lápàdé ní, “A ti gbọ́. Apá pọ̀ níbí, wo àwọn ọmọ yìí bí wọ́n ti sanra. Ojú ni a kò ní. Jókòó.”

Wọ́n dojú odó kan dé, ó jókòó lé e. Ọdún méje ni wọ́n pa obì sí, ara rẹ̀ le o, ara rẹ̀ kò le o.

Nígbà tí iṣu tuntun tún jáde, ìlú méjèèjì pàdé lórí yanrìn. Oyètòrò kò dìde lórí odó rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti òkè, òun ló kọ́ gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ òsì ṣáájú, ó mọ ẹni tí ń mí sókè kí ó tó rọ́ luni. Ó kàn ń fi àgbọ̀n júwe ni: ìwọ, jáde sí tọ̀hún. Ẹni àkọ́kọ́ ṣubú. Ẹnìkejì ṣubú. Ẹnìkẹta kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gba yanrìn. Àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀-Omi bẹ́ sórin: “Ẹ̀yin ajẹ̀yẹyè, ẹ padà sídìí ìyẹyè yín!” Àwẹ̀ró wà láàárín wọn. Kò kọrin. Àwọn tó ṣubú náà ni wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ ebè fún un.

Lọ́dún yẹn, ẹrẹ̀ ni Òkè-Ìyẹyè rí. Lọ́dún kejì, ẹrẹ̀ ni. Nígbà tí ó di ọdún kẹta, Gíwá sọ̀kalẹ̀ wá ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́fà, wọ́n da màlúù márùn-ún síwájú. Wọ́n ní àwọn yóò fún Oyètòrò ní oko tó dára jù nínú oko ìdílé. Wọ́n ní àwọn yóò máa kọ ebè rẹ̀ títí yóò fi kú, àwọn yóò sì máa kọ ti ọmọ rẹ̀. Gíwá wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò rẹ̀.

Oyètòrò fò dìde. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ jọ̀wọ́.”

“Gba àwọn màlúù yìí kí n tó dìde.”

“Ọwọ́ mi kọ́ ló wà.”

Lápàdé mi orí. “Ọdún mẹ́rin ló kù. Bí ẹ kó gbogbo màlúù òkè sọ̀kalẹ̀, àwa kò tà.”

“Ọdún méje ni mo béèrè lọ́wọ́ yín,” ni Oyètòrò wí. “Ẹ ní ó ti pọ̀ jù. Lónìí, gbogbo ayé mi lẹ fẹ́ gbọ́ bùkátà rẹ̀, kò sì tó mọ́. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ara mi di ọ̀wọ́n o, ẹ̀gbọ́n mi.”

Gíwá dìde, ó gbọn yanrìn nínú aṣọ rẹ̀. Wọ́n da màlúù wọn padà sókè, Àwẹ̀ró sì dúró, ó ń wò wọ́n títí igbó fi bò wọ́n lójú.

Ọdún méje pé, wọ́n fi méje mìíràn kún un. Iṣu kò wọ́n nílé Àwẹ̀ró. Èjìká ọkọ rẹ̀ sinmi, ó sinmi débi pé ó gbé ọmọ wọn kẹta sókè kọjá orí. Ìyẹn nìkan ì bá tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá Oyètòrò kú, wọn kò ránṣẹ́ pè é lókè. Ẹnu alágbàfọ̀ létí odò ni ó ti gbọ́. Ó jókòó lórí odó náà ní gbogbo ọjọ́ yẹn, Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ wá, ó gbé e padà. Ìsàlẹ̀-Omi jèrè, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn ìyẹn. Ọkọ òun ńkọ́?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọjá. Gíwá kú. Oyètòrò náà kú, wọ́n sì sin ín sí ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Àṣàbí, tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ní kí wọ́n fa òun lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ wá kí ìyàwó òun. Àwọn arúgbó méjèèjì jókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

“Ìyàwó wa,” ni Àṣàbí wí, “ǹjẹ́ o mọ̀ pé wọ́n ti gbà?”

“Wọ́n gba kí ni, ìyálé mi?”

“Ọdún méje. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a pàdé nídìí ọlọ, bí ọkọ rẹ ti bá ọkọ wa sọ ọ́ tán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ jókòó sí. Ara le o, ara ò le o, wọ́n ti gbà á. Ọkọ wa ló rọ̀ wọ́n, ó ní àbúrò òun ni. Inú yàrá mi ni obì tí wọn ì bá pa wà, kí ọ̀rọ̀ apá náà tó dé etí ọkọ wa.”

Ọwọ́ Àwẹ̀ró kò kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ṣa òkúta kan jù sílẹ̀, ó ṣa òmíràn. Títí di ọjọ́ yẹn, bí àwọn ọmọ bá ń fi ìtàn ewúrẹ́ àti agbọ̀n ẹja ṣẹ̀fẹ̀, Gíwá nìkan ni Àwẹ̀ró rò pé wọ́n ń bá wí. Ẹnu Àwẹ̀ró náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ sọ di òwe títí dòní, pé ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.