Bí Ìyẹ́ Lékeléke Ṣe Di Ìwọ̀ Ẹja

Nígbà kan rí, kí lékeléke tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní màlúù, etí adágún ni ilé rẹ̀. Adágún náà fẹ̀, omi rẹ̀ dúdú, òṣíbàtà sì bo etí rẹ̀ káàkiri. Inú omi yìí ni Epìyà ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ètè rẹ̀ nípọn nígbà náà, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Gbogbo ẹja ló mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí ẹ bá dé etí omi láàárọ̀, ariwo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di yín létí.

Ọ̀rẹ́ ni Epìyà àti Lékeléke. Kòkòrò ni Lékeléke ń jẹ ní tirẹ̀, kì í jẹ ẹja, ìyẹn ni ọ̀rẹ́ wọn fi ṣeé ṣe. Ìyá Ọlọ́mọyọyọ ni Lékeléke máa ń pe Epìyà. Epìyà náà á máa pè é ní Ìyá Ẹfúnyẹmí, nítorí Ẹfúnyẹmí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Lékeléke bí.

Ọ̀tá àwọn ẹja ni Ọ̀nì. Bí Ọ̀nì bá ń bọ̀, omi kì í mì. Àwọn ẹja tó wà nísàlẹ̀ kò lè rí i, ṣùgbọ́n Lékeléke tó dúró lókè lè rí i. Wọ́n wá bára wọn ṣe àdéhùn. Bí Lékeléke bá ti rí Ọ̀nì, á tu ìyẹ́ funfun kan láyà ara rẹ̀, á jù ú sómi. Ìyá ẹja tó bá kọ́kọ́ rí ìyẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ètè mú un, kó gbé e lọ sísàlẹ̀, kí gbogbo ìyá lè rí i, kí wọ́n sì tètè kó ọmọ wọn pamọ́. Títu ìyẹ́ yẹn máa ń dun Lékeléke, ṣùgbọ́n kò ráhùn rí.

Níbo ni wọ́n ń kó ọmọ pamọ́ sí? Ẹnu ni. Ìyá á la ẹnu, àwọn ọmọ á rọ́ wọlé, ìyá á pa ẹnu dé. Títí ewu á fi kọjá, kò ní jẹun, kò sì ní sọ̀rọ̀.

Epìyà kò sọ èyí fún Lékeléke rí. Ẹyẹ ṣáà ni Lékeléke, àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ ẹja sì pọ̀ létí omi. Epìyà ń bẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ má lọ ta sí wọn létí. Lékeléke ní tirẹ̀ rò pé abẹ́ òṣíbàtà ni àwọn ọmọ ń sá sí. Ó mà ṣe o, àṣírí kékeré yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àṣá gbé Ẹfúnyẹmí lórí ìtẹ́. Ìyá rẹ̀ wà létí omi nígbà náà, ó ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ Ọ̀nì.

Lékeléke sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò lè ṣọ́ omi mọ́. Ó jókòó sórí ẹ̀ka igi, ó ju apá sílẹ̀, gbogbo ẹ̀dá etí omi sì ń wá kí i. Pẹ́pẹ́yẹ wá. Akàn wá. Ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá, tí kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni, fò wá, ó ní, "Ìyá Ẹfúnyẹmí, ẹ kú àfẹ́kù o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún rí irú ẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ kan kò ti ọ̀dọ̀ Epìyà wá. Nígbà tó pẹ́, Lékeléke fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sétí omi.

"Ìyá Ọlọ́mọyọyọ," ó pè. "Ìyá Ọlọ́mọyọyọ o!"

Epìyà yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣíbàtà, ó wò ó. Àwọn ọmọ rẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tó ń ṣọ́ omi mọ́, ẹnu ni gbogbo ìyá ń tọ́jú ọmọ sí láti òwúrọ̀ dalẹ́, ebi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Lọ́ọ̀ọ́kán, nídìí eèsún, Ọ̀nì nà gbalaja bí ìtì igi.

"Ṣé o ti gbọ́ pé Ẹfúnyẹmí kú?" ni Lékeléke bi í.

Epìyà fẹ́ la ètè, ó bá mọ̀ ọ́n lára pé ọmọ kan ń jà láti jáde. Ó yára pa ẹnu dé. Ìrù nìkan ló ń mì. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n inú omi ló wà, ta ni yóò rí omijé rẹ̀?

"Wo àyà mi!" ni Lékeléke wí. "Nítorí àwọn ọmọ tìrẹ ni mo ṣe tu ìyẹ́ ara mi títí àyà mi fi pá. Ọmọ tèmi wá kú, o ò lè ní pẹ̀lẹ́? Pẹ̀lẹ́ lásán?"

Epìyà wò ó títí, ó sì rọra rì lọ sísàlẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, bí ojúlùmọ̀ rẹ̀ bá rí i tí kò kí i. Ọ̀rọ̀ náà wọ Lékeléke lára. Ìbànújẹ́ rẹ̀ di ìbínú, ó sì fò lọ sí apá kejì adágún.

Ọkùnrin apẹja kan tó ń jẹ́ Ayílárá jókòó níbẹ̀. Ọ̀nì ti fọ́ ọkọ̀ rẹ̀, orí ilẹ̀ ló kù tó lè dúró sí pẹja. Ekòló ló fi sẹ́nu ìwọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ẹja tó gbé ọmọ sẹ́nu kì í jẹun, kò sì sí èyí tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ni Lékeléke wí.

"Iṣẹ́ wo? Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mi ò rí ẹja kan tó máa fi jẹun. Ọmú rẹ̀ ti ń gbẹ."

Lékeléke tu ìyẹ́ kan láyà. "Ẹ yọ ekòló yẹn kúrò. Èyí ni kẹ́ ẹ so mọ́ ìwọ̀. Ẹ fi òjé díẹ̀ sí i lọ́rùn, kó lè rì. Ẹ má jù ú jìnnà, ibi tí òṣíbàtà parí sí ni kẹ́ ẹ jù ú sí, kẹ́ ẹ wá máa mi okùn jẹ́jẹ́, kí ìyẹ́ náà máa jó."

"Ìyẹ́ lásán? Ẹja wo ló ń jẹ ìyẹ́?"

"Wọn ò ní jẹ ẹ́," ni Lékeléke dáhùn. "Wọ́n á kàn mú un ni."

Ayílárá ṣe bó ṣe wí. Ìyẹ́ náà bọ́ sómi, ó ń jó bọ̀ nísàlẹ̀, Epìyà ló sì kọ́kọ́ rí i. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, ọ̀rẹ́ mi ti padà sẹ́nu ìṣọ́. Ó ti dárí jì mí. Ó rí i pé ìyẹ́ yìí ń rì fúnra rẹ̀, ìyẹ́ kì í sì í rì bẹ́ẹ̀. Ó tún rí okùn tín-ínrín kan lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé Ọ̀nì ló ń bọ̀, ìgbà wo ló máa ráyè yẹ ìyẹ́ wò? Ó fi ètè mú un.

Ayílárá fa okùn.

Epìyà já lu iyanrìn gbígbóná. Ìrora mú un, ó la ẹnu, àwọn ọmọ rẹ̀ sì dà sílẹ̀, kéékèèké bí ọkà bàbà.

"Yéè! Ọmọ!" ni Ayílárá ké. "Ọmọ ló wà lẹ́nu ẹ̀!" Ó kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kó wọn padà sómi. Iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ wọn. Díẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lọ. Àwọn tó kù léfòó, wọn ò mira mọ́. Níbi tí Epìyà ti ń jà, ètè rẹ̀ ya, ó sì ta padà sínú omi.

Lékeléke dúró, ó ń wo gbogbo rẹ̀.

"Ìdí nìyẹn," ó ní. "Ìdí nìyẹn tí kò fi lè dá mi lóhùn."

Ó ń sáré lọ sáré bọ̀ létí omi. "Ìyá Ọlọ́mọyọyọ, dákun! Bá mi sọ̀rọ̀! Bú mi! Gbé mi ṣépè!"

Nígbà tó yá, Epìyà yọrí, ó wò ó. Kò sí Ọ̀nì nítòsí. Kò sí ọmọ kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó yí padà, ó sì lọ.

Àwọn ẹja yòókù náà bá a pa ẹnu mọ́, ọjọ́ burúkú yẹn ló sì sọ gbogbo ẹja di odi. Láti ọjọ́ náà ni ètè epìyà ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí apẹja bá fà á tagbáratagbára, á ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni lékeléke ti sá kúrò létí adágún, tó ń tẹ̀ lé màlúù kiri inú pápá. Kò lè wo omi mọ́.

Ayílárá sunkún lọ sílé, ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, ó padà wá pẹ̀lú ìyẹ́ náà, nítorí ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn apẹja tó kù kọ́ ọ lára rẹ̀. Títí di òní, ẹ so ìyẹ́ funfun mọ́ ìwọ̀, ẹ jù ú sétí òṣíbàtà, kẹ́ ẹ mì ín jẹ́jẹ́. Ẹja á mú un, ì báà ti yó. Wọ́n mọ̀ pé ìwọ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa jẹ́ kí ìyẹ́ yẹn kọjá? Bó bá lọ jẹ́ pé Ọ̀nì ló ń bọ̀ lóòótọ́ ńkọ́?