Omi Ojú Awẹ́ró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí eyín mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ a sì máa yọ́ jáde láàárín wọn bí adìẹ ti í yọ́ jáde nínú ọgbà ọ̀lẹ! Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́rìndé ni, ọdẹ ọmọ ọdẹ, ará Òkè-Ìrókò. Awẹ́ró ìyàwó rẹ̀ fọ́jú lójijì, òkùnkùn sì wọlé tì wọ́n bí àlejò tí kò mọ ilé lọ. Omi kan ṣoṣo ló lè là á lójú, ìsun rẹ̀ sì wà nínú Igbó Olóhùn-Púpọ̀, níbi tí iwin gbé pọ̀ ju igi lọ. Ọdẹ́rìndé gbé igbá, ó gbé ìbọn, ó forí lé e.

Iwin arúgbó kan ń ṣọ́ ìsun náà, irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nínú ẹrẹ̀. Ó ní: “Ọmọ ènìyàn, kí ni ó wúwo ju ẹrù lọ?”

“Bàbá, ọkàn tí kò sí níbi ẹrù ni.”

“Ẹnu rẹ gbọ́n. A ó wo ọrùn rẹ. Gbé omi rù, má sọ̀ ọ́, má tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni títí o ó fi délé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹnì kan ń bu omi yìí láyé rẹ̀.”

Ó gbé e rù. Iwin ẹlẹ́nu mẹ́ta tẹ̀ lé e: “Ọdẹ, o ò gbọ́ ohun tí àdúgbò ń sọ nípa ìyàwó rẹ? Dúró ná!” Kò dúró. (Bó bá ṣe èmi ni, hà! Ǹ bá ti wá àpótí jókòó.) Ekùn bú, kò yà. Ẹtu tó sanra bí àgbò ọdún dúró níwájú rẹ̀, kò wo ìbọn.

Ó ku díẹ̀ kó jáde nínú igbó, ohùn kan dún: “Ọkọ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Àbí ẹ kì í kí àna mọ́ ni?” Ìyá Awẹ́ró ni, tí wọ́n ti sin láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Kí ọkàn ọdẹ tó rántí, àyà rẹ̀ ti kanlẹ̀. Gbàà! Ilẹ̀ mu omi. “Àna” náà rẹ́rìn-ín bí iwin, ó pòórá.

Ẹ̀kán díẹ̀ ló kù nídìí igbá. Ó gbé e délé, ó kán an sí Awẹ́ró lójú: ojú ọ̀tún là. Ti òsì wà lókùnkùn títí ó fi kú. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé fi ẹkún ròyìn fún un, Awẹ́ró fi ojú kan ṣoṣo wò ó, ó ní:

“Olówó orí mi, ìyá mi kọ́ nìyẹn. Bí ìyá mi bá rí omi ojú mi lórí rẹ, á pariwo ni: ‘Bí o bá dọ̀bálẹ̀ fún mi, n ó là ọ́ nígi! Sáré lọ bá ọmọ mi!’”

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá gbé iṣẹ́ tó le rù, ẹ má ṣọ́ra fún ekùn nìkan. Ohun tó dára, tó yẹ, tó ń fi pẹ̀lẹ́ pè yín, òun ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹni tó fẹ́ràn yín kò ní bínú pé ìkíni pẹ́.