Béjídé àti Yìnyín Tí Wọ́n Jọ Wáyé

Inú òjò yìnyín ni wọ́n bí Béjídé sí, orúkọ tí à ń sọ ọmọ tó bá òjò wáyé ni wọ́n sì sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé gbogbo àgbàlá funfun báláú lọ́jọ́ náà, tí àwọn ọmọdé ń fi igbá ṣa yìnyín jẹ. Láti ìgbà náà, yìnyín kò bọ́ ní ìlú wọn mọ́. Lọ́dọọdún, bí ìsinmi ọdún bá dé, tí ẹnikẹ́ni kì í lọ sóko fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Béjídé a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa wojú ọ̀run, a ní ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bí Àwẹ̀ró, ìrètí náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ìsinmi ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọkùnrin ń fi koríko tuntun bo àwọn ilé tó ti gbó kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Ilé ìyálé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bò, Béjídé sì ni ìyálé. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilé Mojèrè, ìyàwó kékeré tó lóyún sínú. Kò sọ fún Béjídé tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọkùnrin ti wà lórí òrùlé Mojèrè ni Béjídé tó rí wọn. Ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà kò ṣe é dáadáa. Inú bí Béjídé, kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé koríko dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ọdẹ́rìndé sì bẹ̀ ẹ́. Béjídé dí ẹnu ọ̀nà.

“Baba Àwẹ̀ró, ẹ kó koríko yín lọ bo ilé ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Èmi àti òjò la jọ wáyé. Yìnyín ń bọ̀ nínú ìsinmi yìí, ilé tí yóò wó, yóò ṣojú gbogbo wa.”

Ọdẹ́rìndé rán an létí òwú tó wà lórí àjà rẹ̀, èyí tó fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn ran, tí wọn yóò fi hun aṣọ ìgbéyàwó Àwẹ̀ró. Béjídé ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òwú náà. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Inú bí ọkọ náà wàyí, ó ní kí wọ́n lọ fi koríko ọ̀hún bo ilé ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin ìsinmi, òjò ṣú lọ́sàn-án. Bí yìnyín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, Béjídé sáré bọ́ sí àgbàlá, ó tẹ́wọ́ méjèèjì, ó ń kí i káàbọ̀. Ó tilẹ̀ kígbe sí Mojèrè pé kó múra de òrùlé rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ bà á léjìká, ó rẹ́rìn-ín. Èkejì là á níwájú orí. Kó tó sá wọlé, òrùlé gbígbó náà ti ya lulẹ̀, òwú sì ti bá ẹrẹ̀ lọ. Ilé ewúrẹ́ kò jò.

Mojèrè ló jáde pẹ̀lú oyún rẹ̀, tó fà á wọ abẹ́ koríko tuntun. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú Béjídé, síbẹ̀ ó ń nàka sójú ọ̀run, ó ń bi òjò pé ṣé kò mọ òun ni. Àwẹ̀ró tó ń ṣa òwú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kò gbójú sókè.

“Ìyá mi, ẹ dúró sínú rẹ̀, ó sì rí yín. Kí lẹ tún fẹ́ kó mọ̀?”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe fún ẹni tó bá ń fi ojúlùmọ̀ yangàn pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa.