Omi Tútù Ní Í La Aràn Lẹ́nu

"Omi tútù ní í la aràn lẹ́nu." Bí ará etíkun wa bá sọ èyí fún oníwàǹwára, ẹnu á ya àlejò. Ta ló fẹ́ kí aràn lanu? Kí ló fẹ́ bá a sọ? Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ gbọ́ ibi tó ti wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń jẹ́ Orímisàn, ìmọ̀ aràn inú ẹja òkun ló ń kọ́. Orí rẹ̀ pé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ délé. Lọ́jọ́ tó rí àwọn aràn funfun kan tí kò rí irú wọn rí nínú ìfun ẹja àpò, ó kó gbogbo wọn dà sínú ọtí líle kí wọ́n má baà rà, ó sì ń pariwo káàkiri èbúté pé, "Tuntun ni! Orúkọ mi ni yóò máa jẹ́!"

Olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàgbé, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, wọkọ̀ ojú omi wá. Ó gbé aràn sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá.

"Ẹnu rẹ̀ dà?"

Ọtí ti ta wọ́n, gbogbo wọn ti fa ẹnu wọnú. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́nu yẹn ni wọ́n ń kà láti mọ irú aràn tó jẹ́. Irú aràn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìwọ̀ méjìlá ló ní lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Tí òkun bá fà, ọkọ̀ mi ò ní lè jáde. Fi ẹnu aràn hàn mí kó tó fà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin rẹ wọgbó nìyẹn."

Orímisàn sáré bá Màmá Mọrádéyọ̀ tó ń la ẹja ní èbúté, ó rò fún un. Ẹja àpò kan ṣoṣo ló kù nínú ọpọ́n. Aràn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti pa ẹnu dé. Orímisàn tún na ọwọ́ sí ìgò ọtí. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbé e kalẹ̀! Ta ní í da iyọ̀ sí ìgbín lára, tó tún ń retí kó yọjú? Nínú omi tútù tí mo fi ń fọ ìfun ẹja, ṣe ni aràn máa ń yọ ẹnu fúnra rẹ̀."

"Màmá, òkun ti ń fà o!"

"Kó máa fà."

Wọ́n bu omi àmù sínú àwo, wọ́n fi aràn sí i, wọ́n gbé e tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Wọ́n dúró. Aràn ò mira.

"Mà, ẹrẹ̀ ti ń yọ o!" ni ọlọ́kọ̀ ké láti ìta.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé báàgì rẹ̀. Ẹ̀rù ba Orímisàn. Ọwọ́ rẹ̀ tún lọ síbi ìgò. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló fà á padà.

Ìgbà náà ni aràn wú díẹ̀díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì rọra yọ síta. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ báàgì sílẹ̀, ó gbé àwo sábẹ́ awò, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Mẹ́wàá. Mọ́kànlá. Méjìlá." Ó yí awò díẹ̀. Àyà Orímisàn já. "Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá."

Ó ka ìlà kejì, ó ka ẹ̀kẹta. Mẹ́rìnlá ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Tuntun ni lóòótọ́. Orúkọ tìẹ náà ni yóò máa jẹ́, àbí?"

Ojú ti Orímisàn. "Rárá, Mà. A kì í sọ ara ẹni lórúkọ. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Mọrádéyọ̀."

"Èmi kẹ̀! Aràn!" Màmá figbe ta. "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Màmá fi bínú. Lẹ́yìn náà, ó fi orúkọ yẹn yangàn títí dọjọ́ ikú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ipá mú òótọ́ jáde ní etíkun wa, a ó ní kó gbé ìgò ọtí rẹ̀ kalẹ̀: omi tútù ní í la aràn lẹ́nu.