Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Orí Òkè Ìbídùn

Nígbà láéláé, kí baba ńlá àwọn baba wa tó dáyé, òkè kan wà lẹ́yìn ìlú Agbèdú tí kò lórúkọ. Ó ga, ó jìnnà, orí rẹ̀ sì wọnú kùrukùru. "Òkè ọ̀hún" ni wọ́n ń pè é, wọn a sì fi ẹnu júwe rẹ̀.

Ọdẹ́rìndé, ọdẹ tí ìlú mọ̀ sí akọni (òun náà ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀), kò bímọ. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé bí òun bá kú, ta ni yóò máa dárúkọ òun? Ó bá tọ Baálẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé orí òkè ọ̀hún, ṣé ẹ ó fi orúkọ rẹ̀ pè é?"

"Mo gbà. Àbí ẹnìkan ti gùn ún rí?"

Wọ́n bi àwọn ọdẹ, wọ́n bi àwọn àgbẹ̀, wọ́n bi gbogbo àgbà ọkùnrin ìlú. Gbogbo wọn ní rárá. Wọn ò bi obìnrin kankan. Kí lobìnrin ń wá lórí òkè?

Lọ́jọ́ tí yóò lọ, Ọdẹ́rìndé múra bí ẹni ń rogun: àdá, okùn, ọfà, ẹ̀kọ mẹ́fà, àti ìwo tí yóò fun bó bá débẹ̀. Ojú àpáta tó le jù ló gbà, kí ará ìlú lè máa wò ó. Orúnkún bó, èékánná ya. Nígbà tó dókè, ó fun ìwo, ìlú sì hó yèè nísàlẹ̀.

"Ta ló ń pariwo mọ́ mi létí báyìí?"

Ìbídùn ni, ìyá arúgbó tó ń ta ewé. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ìsun omi, ó ń já ewé eéran.

"Ẹ... ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Báwo lẹ ṣe débí?"

"Ọ̀nà mi wà lọ́hùn-ún. Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń tọ̀ ọ́. Níbo lo rò pé wọ́n ti ń rí ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ àpò rẹ yẹn?"

Ọdẹ́rìndé wo ẹ̀kọ rẹ̀. Ojú tì í débi pé ebi gan-an sá lọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Èmi kẹ̀? Ta ló bi mí?"

Òjò bá ṣú. Àpáta tí akọni gbà gòkè yóò yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ó di dandan kó bá ọ̀nà Ìyá sọ̀ kalẹ̀. Ìyá gbé ìdì ewé rẹ̀ karí. Hẹ̀n-ẹ́n! Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á wá máa rìn lófìfo lẹ́yìn arúgbó tó rẹrù? Ọdẹ́rìndé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni tó ń wò ó, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò gbà á. Ó gba ìdì ewé náà, ó gbé e karí.

Báyìí ni akọni ṣe wọ̀lú. Gbogbo ojú lọ sórí ìdì ewé.

Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́rìndé, níbo lo ti rí ewé?"

Ìyá ń wo ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ọdẹ́rìndé ìbá purọ́, ta ni ìbá mọ̀?

"Orí òkè ni, Bàbá. Ìyá Ìbídùn ló ni ibẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Òkè Ìbídùn. Láti ọjọ́ náà sì ni ẹnikẹ́ni tó bá ń gùn ún, bó ti wù kó lágbára tó, ti ń kígbe "Ẹ kú iṣẹ́ o!" kó tó gbé ẹsẹ̀ lé orí rẹ̀.

Orúkọ Ọdẹ́rìndé ńkọ́? Òun náà ò kúkú parun. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni, tòun ti ewé lórí.